Ẹni tó bo ọ̀daràn mọ́lẹ̀ nínú ẹbí: ìyà wo ló tọ́ sí i?

Ìbéèrè yìí wá láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní Ìbàdàn. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò níbẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n pa. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló dìjà láàárín òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa, onítọ̀hún sì la irin mọ́ ọn lórí. Ẹ̀gbọ́n ọ̀daràn yìí bá a gbé òkú lọ sínú igbó, ó sì fi mọ́tò gbé àbúrò rẹ̀ náà sá lọ sí Kútọnu lóru ọjọ́ náà. Ìyá wọn fọ aṣọ tó kún fún ẹ̀jẹ̀. Ìyàwó ọ̀daràn náà ń fowó ránṣẹ́ sí i. Baálé ilé wọn pe gbogbo ilé jọ, ó ní ẹni tó bá là á síta, òun yóò lé e jáde. Oṣù méje la fi wá ẹ̀gbọ́n mi. Láàárín ìgbà náà, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ wà láhàámọ́ nítorí pé wọ́n ní òun ló rí i kẹ́yìn, gbogbo ilé yẹn sì mọ̀. Ní báyìí ọlọ́pàá ti kó wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìyàwó kò ní ẹjọ́ tí yóò jẹ́, nítorí pé kóòtù ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ṣègbéyàwó. Ìyá ní ẹjọ́, ìyàwó kò ní! Lójú tèmi, kí gbogbo wọn kú sẹ́wọ̀n ni. Kí ni òfin sọ, kí sì ni ẹ̀yin náà rò?"

Àǹtí mi, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Kí èèyàn wà fún oṣù méje láìmọ ibi tí òkú ọmọ ìyá rẹ̀ wà, mi ò ní bá yín jiyàn lórí ìbínú yín. Ohun méjì lẹ bi mí: ohun tí òfin sọ, àti ohun tí mo rò. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ ó sì rí i níwájú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí mo rò. Kò yẹ kí òfin fi okùn kan ṣoṣo so gbogbo wọn. Kí kálukú jẹ́jọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, àti ibi tó jẹ́ kó dé bá ẹlòmíràn nígbà tó mọ̀ pé òun lè dá a dúró. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì yẹn ni òṣùwọ̀n tí màá fi wọn ọ̀rọ̀ gbogbo wọn.

Ó dá mi lójú pé àwọn kan ti sọ fún yín pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òótọ́ ni òwe yẹn, àmọ́ ẹ wo ibi tí ẹni tó gba epo sílẹ̀ wà. Ó ti dúró sísàlẹ̀ àjà kí wọ́n tó gbé epo. Ó mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, ó tẹ́wọ́ dè wọ́n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni abala keje Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí à ń lò níhà gúúsù Nàìjíríà ń bá wí: ẹni tó bá ran ọ̀daràn lọ́wọ́ láti ṣe é, tàbí tó tì í láti ṣe é, ọ̀kan náà ni òfin ka òun àti ẹni tó ṣe é sí. Bí ẹ̀gbọ́n yẹn bá di ẹ̀gbọ́n yín mú kí àbúrò rẹ̀ tó la irin mọ́ ọn, ìpànìyàn ni ẹjọ́ tiẹ̀ náà. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ̀mí ti bọ́ ni wọ́n pè é, abala kẹwàá ló máa bọ́ sí, níbi tí òfin ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó gba ọ̀daràn sílé tàbí tó ràn án lọ́wọ́ kó lè bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ìjìyà ọ̀tọ̀ ló sì ní.

Ìjìyà náà wá dá lórí ohun tí ilé ẹjọ́ bá pe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó la irin mọ́ ẹ̀gbọ́n yín. Bó bá jẹ́ ìmọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn, ikú ni ìdájọ́ tirẹ̀ lábẹ́ abala 319, ẹni tó sì ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn náà lè gba ẹ̀wọ̀n gbére lábẹ́ abala 322. Bó bá jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ní inú ìjà ló ti ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì pè é ní ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀, abala 519 ni àwọn olùrànlọ́wọ́ máa bọ́ sí. Ọdún 2 péré sì ni òpin ẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Láti ẹ̀wọ̀n gbére sí ọdún 2, fún ọwọ́ kan náà tó fọ aṣọ kan náà! Ìyá tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kò mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà bóyá ìmọ̀ọ́mọ̀ ni tàbí àìmọ̀ọ́mọ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó bi agbẹjọ́rò ìjọba léèrè nípa ìyá tàbí ìyàwó, ẹ bi í pé ẹ̀sùn wo gan-an ni wọ́n kọ sí ọmọkùnrin yẹn lọ́rùn. Òun ló máa sọ bí ti àwọn yòókù ṣe máa rí. Ẹ má sì gbàgbé pé òpin ni iye ọdún tí òfin kọ sílẹ̀. Adájọ́ lè wálẹ̀ níbẹ̀ bó bá rí ìdí.

Ṣé ẹni tó kàn mọ̀, tó sì dákẹ́, jẹ̀bi? Rárá. Òfin wa kò sọ pé dandan ni kí èèyàn lọ fi ìwà ọ̀daràn tó ti ṣẹlẹ̀ tó ọlọ́pàá létí, yàtọ̀ sí àwọn ọ̀rọ̀ kan, irú bí ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣì ń gbìmọ̀ rẹ̀ ni, tàbí pé wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́, ẹni tó mọ̀ tí kò sì sa gbogbo ipá rẹ̀ láti dá a dúró ní ẹjọ́. Àmọ́ nígbà tó ti ṣẹlẹ̀ tán, afi kí ọwọ́ ṣe nǹkan: kó gbé òkú, kó fọ aṣọ, kó wa mọ́tò. Torí náà àwọn ọmọ ilé yẹn, àwọn ìyàwó ilé, ọmọdé tó gbọ́ ariwo lóru tó sì pa ẹnu mọ́ nítorí pé baálé ní òun máa lé e jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wọ́n kún iye tẹ́ ẹ ń kà. Ibo ni wọ́n fẹ́ lọ?

Baálé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Òun ni mo rò pé ẹrù rẹ̀ wúwo jù nínú àwọn tó wà nílé. Kò fọ aṣọ, kò wa mọ́tò, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ló di odindi ilé lẹ́nu. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òun sì wà lọ́jà, orí ọmọ ọlọ́mọ wọ́ fún oṣù méje níṣojú rẹ̀. Abala 126 sọ pé ẹni tó bá bá ẹlòmíràn gbìmọ̀ láti dí ìdájọ́ lọ́nà lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Bí mo bá jẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba, ìpàdé yẹn ni màá kọ́kọ́ tú palẹ̀: ta ló wà níbẹ̀, ta ló gbà, ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀ tí wọ́n halẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọ̀daràn náà ló tẹ̀ lé e. Òun ló bá wọn gbé òkú. Abala 242 ka fífi òkú èèyàn wọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀, ọdún 2 ni òpin rẹ̀. Lójú tèmi ó kéré, nítorí pé ẹ̀yin ni wọ́n fi jìyà. Wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ sin ín bó ṣe yẹ ká sin ọmọ ẹni, wọn ò jẹ́ kí ìyá yín mọ ibi tí yóò ti sunkún. Ní ti Kútọnu, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìsásí mọ́. Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà ti fọwọ́ sí àdéhùn láti ọdún 1984 pé àwọn á máa fi ọ̀daràn ránṣẹ́ sí ara wọn, ECOWAS náà sì ṣe tirẹ̀ ní 1994.

Ó wá ku ìyá àti ìyàwó.

Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín nípa ìyàwó. Abala kẹwàá sọ pé ìyàwó kì í jẹ̀bi nítorí pé ó gba ọkọ rẹ̀ sílé tàbí ó ràn án lọ́wọ́ láti sá fún ìyà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ sí ìyàwó. Ṣùgbọ́n òfin ní ìgbéyàwó onígbàgbọ́ nìkan ni òun ń sọ. Ìtumọ̀ tó fún un ni ìgbéyàwó ọkùnrin kan sí obìnrin kan títí ayé, láìsí ẹlòmíràn. Ìyẹn ni pé ìgbéyàwó kóòtù wà níbẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì tó bá òfin mu wà níbẹ̀. Ìyàwó tí wọ́n sọ yìgì rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìyàwó tí wọ́n ṣe ìdána rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí, tó ti bí ọmọ márùn-ún, kò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìdána nìkan ni ìyàwó yìí ṣe, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ni ì bá jọ dúró níwájú adájọ́. Àmọ́ kì í ṣe pé òfin dá a sílẹ̀ lọ́wọ́ ohun gbogbo o. Ti fífi owó ránṣẹ́ ló dá a sí. Bí ẹ̀rí bá wà pé òun náà pa ohun tí ilé ẹjọ́ nílò rẹ́, abala 123 wà níbẹ̀, ọdún 3 ni òpin rẹ̀, kò sì yọ ìyàwó kankan sílẹ̀.

Ibo ni irú òfin báyìí ti wá? Ọdún 1916 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi Òfin Ìwà Ọ̀daràn yìí lélẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Àpẹẹrẹ òfin Queensland ní Ọsirélíà ni wọ́n tẹ̀ lé, èyí tí Samuel Griffith kọ, tó sì di òfin níbẹ̀ ní 1899. Lójú àwọn tó kọ ọ́, tọkọtaya di ara kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kò ro ti agbo ilé níbi tí ìyá, ẹ̀gbọ́n, ìyàwó àti baálé ti jọ ń gbé. Nígbà tí wọ́n tún Òfin Ẹ̀rí kọ ní 2011, wọ́n ṣe àtúnṣe tó dára: tó bá dórí ọ̀rọ̀ àṣírí láàárín tọkọtaya, ìyàwó yìgì àti ìyàwó ìdána ti di ìyàwó lójú òfin. Òfin Ìwà Ọ̀daràn kò yí padà. Ìyẹn ni pé ilé ẹjọ́ kan náà lè mọ obìnrin ní ìyàwó nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀, kó má mọ̀ ọ́n ní ìyàwó nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi í sẹ́wọ̀n. Èyí bí mi nínú ju ohun tó bí yín nínú lọ, nítorí pé àwọn tí kò lówó ìgbéyàwó kóòtù ló ń dé bá jù.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti ro ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ. Ní Jámánì, abala 258 òfin wọn sọ pé ẹni tó bá bo ọ̀daràn mọ́lẹ̀ nítorí pé ìbátan rẹ̀ ni, òfin kò ní fi ìyà jẹ ẹ́: ìyá, bàbá, ọmọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyàwó, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ní Japan, abala 105 fún adájọ́ láyè láti dá irú ìbátan bẹ́ẹ̀ sí bó bá rí i pé ó yẹ. Ilẹ̀ Faransé náà kì í fi ìyà jẹ ẹbí tí kò fi ẹni wọn sùn, àmọ́ wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ọmọdé sílẹ̀: bó bá jẹ́ ọmọdé ni wọ́n hùwà ọ̀daràn sí, ẹ̀jẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni là. England le ju gbogbo wọn lọ. Òfin wọn ti 1967 kò mọ ìyá, kò mọ ìyàwó: ẹni tó bá ran apànìyàn lọ́wọ́ lè gba ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ní 2004 wọ́n fi òmíràn kún un, kí àwọn ará wa tó wà lọ́hùn-ún sì fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí ọmọdé tàbí ẹni tí kò lè dáàbò bo ara rẹ̀ bá kú nínú ilé nítorí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́, àgbà inú ilé náà tó mọ̀, tàbí tó yẹ kó mọ̀, tí kò sì ṣe ohun tó yẹ, ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti 2022, ìyẹn ti lè di ẹ̀wọ̀n gbére.

Níbo ni èmi dúró? Mo rò pé ó yẹ kí òfin wa dá ìyá, bàbá, ọmọ, ọmọ ìyá àti ìyàwó gbogbo irú ìgbéyàwó sí bí gbogbo ohun tí wọ́n ṣe kò bá ju pé wọ́n dákẹ́, wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n jẹ́ kó sùn sílé. Òfin tó bá ní kí ìyá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tó gbé pọ̀n ń béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá kò lè ṣe. Ibẹ̀ ló yẹ kí àánú dúró. Ẹni tó bá fọ ẹ̀jẹ̀, tó sun aṣọ, tó ri òkú mọ́lẹ̀, kí ó jìyà, nítorí pé òtítọ́ gan-an ló ń pa rẹ́. Àmọ́ kí adájọ́ ro ti ìyá tí ìdààmú bá lóru kan, kó má kà á pọ̀ mọ́ ẹni tó fara balẹ̀ ṣètò rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ibi tí àánú mi ti dúró ni ọ̀rọ̀ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n ti mú aláìṣẹ̀, dídákẹ́ kì í ṣe ìfẹ́ ọmọ nìkan mọ́. Ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ti fi dípò ọmọ tiwọn. A máa ń sọ pé ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíràn, àmọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Níbi tí ẹni kan bá ti ń jìyà lọ́wọ́ nítorí àṣírí tí ẹbí ń pa mọ́, tàbí níbi tí ọmọdé bá ti wà nínú ewu lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń bò, ó yẹ kí gbogbo àánú tí mo kà sókè yìí dópin, ti ìyàwó kóòtù pẹ̀lú. Òfin wa kò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí agbẹjọ́rò ìjọba má gbé e síwájú adájọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ka iye ọdún.

Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹbí yìí bo ti ọlọ́pàá mọ́lẹ̀. Abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa sọ pé níbi tí ilé ẹjọ́ bá ti wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ 1 ni wọ́n ní láti gbé ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́, ó sì fún ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-máà-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba. Ẹ bá mi sọ fún àwọn òbí ọmọ náà. Bó bá sì jẹ́ pé nígbà tí wọn kò tíì rí ọmọkùnrin yẹn ni wọ́n gbé ìyá rẹ̀ lọ, tí wọ́n ní àwọn ò ní fi í sílẹ̀ àfi kí ọmọ jáde, ìyẹn náà kò bófin mu. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, abala keje, kọ̀ ọ́ pátápátá pé kí wọ́n mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 náà kọ̀ ọ́. Kí wọ́n mú un nítorí aṣọ tó fọ̀, kì í ṣe nítorí ọmọ tó bí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò, bó tilẹ̀ máa nira fún yín nísinsìnyí. Àwọn ẹbí kan wà tó sọ̀rọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, Alhaji Umaru Mutallab, àgbà òṣìṣẹ́ báńkì nílẹ̀ wa, rìn wọ ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Àbújá fúnra rẹ̀, ó ní ẹ̀rù ọmọ òun ń ba òun. Wọn kò fi ọwọ́ pàtàkì mú un tó. Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún yẹn, ọmọ rẹ̀ Umar Farouk gbìyànjú láti fi bọ́ǹbù fọ́ ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Detroit. Ẹ̀wọ̀n gbére ló wà láti 2012. Ní Amẹ́ríkà, David Kaczynski ló lọ fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ted sùn ní 1996, nígbà tó rí i pé èrò àti bí ẹni tó ń fi bọ́ǹbù ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn ṣe ń to ọ̀rọ̀ nínú ìwé tó kọ jọ ti ẹ̀gbọ́n òun. Èèyàn mẹ́ta ni Ted ti pa. Ìjọba ṣì fẹ́ pa á, David sì bá wọn jà lórí ìyẹn títí wọ́n fi gbà sí ẹ̀wọ̀n gbére ní 1998.

Ẹ wo ti tiwa. Ìyá ilé yẹn mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, okùn ni wọ́n máa fi kọ́ ọmọ òun, nítorí pé adájọ́ kò ní ìdájọ́ mìíràn fún ìmọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn. Níwọ̀n ìgbà tí ikú bá ṣì jẹ́ dandan, àwọn ẹbí á máa bo ọmọ wọn mọ́lẹ̀, irú ẹ̀yin sì ni yóò máa wá òkú kiri. Ó yẹ kí òfin ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀: ẹbí tó bá jáde wá fúnra wọn kí ọlọ́pàá tó dé, tó fi ibi tí òkú wà hàn, tó gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀, kí ìyà wọn dín kù, kó sì hàn nínú ìdájọ́ ẹni wọn náà. Kì í ṣe torí tiwọn ni mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Torí ìyá yín ni, tí ì bá ti sin ọmọ rẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní.

Nípa ohun tẹ́ ẹ lè ṣe báyìí: ẹ kọ ìwé sí ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ yín. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ mọ ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sí olúkúlùkù lọ́rùn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé baálé àti ọ̀rọ̀ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ síbẹ̀ ketekete, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó gbọ́ ọ. Ẹ sì béèrè fún owó gbà-máà-bínú nígbà ìdájọ́. Ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ rẹ̀, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá béèrè, wọ́n lè gbàgbé rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí ẹbí wọn kó àwọn àgbà lẹ́yìn wá bẹ̀ yín, bí wọn kò bá tíì wá. Ẹ̀tọ́ yín ni kẹ́ ẹ gba ẹ̀bẹ̀ wọn tàbí kẹ́ ẹ má gbà á, òfin kò ní kẹ́ ẹ má dárí jì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé owó wá pé kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú ẹjọ́, tàbí kẹ́ ẹ̀yin àti ẹlẹ́rìí yín má wá sí kóòtù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Abala 127 sọ pé ẹni tó bá gba owó lórí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, níbi tí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá jẹ́ èyí tó lè já sí ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére, lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ̀yin náà ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yín wà níkàlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wá, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀.